Akínyẹlé àti Ìwé Ìtàn Ìbàdàn

Àwọn tí ó ń sọ ìtàn ayé Isaac Babalọlá Akínyẹlé sábà máa ń pín in sí méjì. Àwọn ará ìjọ a sọ ti àdúrà, pé ó ṣe Ààrẹ Christ Apostolic Church. Àwọn ará ìlú a sọ ti Olúbàdàn tí ó gorí oyè ní 1955, tí ó sì wàjà ní 1964. A kò rí irọ́ níbẹ̀. Ohun tí kò tẹ́ wa lọ́rùn ni pé wọn kì í ka ìwé tí òun fúnra rẹ̀ kọ mọ́ ọn, èyíinì ni Ìwé Ìtàn Ìbàdàn, tí ó jáde ní 1911, nígbà tí kò tí ì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún.

Oríkì àwọn olóyè ni adùn ìwé náà. Ẹni tí ó bá sì mọ oríkì jagunjagun Ìbàdàn mọ̀ pé bí a bá yọ ogun, Ògún àti oògùn kúrò níbẹ̀, eegun rẹ̀ ni a yọ. Ọmọ onígbàgbọ́ ni Akínyẹlé. Ìjọ tí ó wá tẹ̀ lé lẹ́yìn náà kò gba oògùn, ìbáà ṣe ti ìbílẹ̀ tàbí ti òyìnbó. Síbẹ̀ ó kọ oríkì sílẹ̀. Àwọn kan lè ní ọkàn rẹ̀ pín ni. Lójú tiwa, ohun-ìní ìlú ni ó ka oríkì sí, kò kà á sí ẹbọ. Ẹni tí kò bá ní irú ojú bẹ́ẹ̀, báwo ni yóò ṣe bá àwọn ìjòyè jókòó fún ọ̀pọ̀ ọdún? Nítorí àkàbà ni oyè Ìbàdàn, a kì í fò ó. Baálẹ̀ ni wọ́n sì ń pe olórí ìlú nígbà tí ó ń kọ̀wé. 1936 ni ó di Olúbàdàn.

Àléébù kan wà. Àkọlé ìwé náà dárúkọ Ìwó, Òṣogbo àti Ìkìrun. Kò dárúkọ oko kankan. Ọmọ ilé-ìwé láti Lálúpọn tàbí Àkànràn a sì bi wá pé, "Tíṣà, abúlé tiwa ńkọ́?" Ọ̀pọ̀ abúlé wọ̀nyí, oko olóyè ni wọ́n ti rí. A máa ń ní kí wọ́n lọ bi bàbá wọn àgbà pé oko ta ni, kí a tó wá oríkì ẹni náà nínú ìwé.

Olùkọ́ tí yóò bá lò ó, kí ó rántí pé àkọtọ́ àtijọ́ ni. Kí ó kọ́kọ́ fi àmì ohùn sí oríkì kan tàbí méjì kí ó tó wọ kíláàsì.