Ẹ̀fín Nìkan Kọ́ Ni Tábà

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa. Nínú àwọn ìtàn tí wọ́n kà ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní sáà yìí, bàbá àgbà tó ń fa ìkòkò tábà pọ̀ ju bàbá àgbà tó ń jẹun lọ. Gbogbo wọn ló jókòó síwájú ilé. Gbogbo wọn ló ń wo ọ̀nà. Ẹ̀fín á jáde lẹ́nu wọn, á lọ sókè bí ìkùukùu, wọ́n á wá pa òwe kan. Ó tán. Kò sí ẹnì kan tó sọ bí tábà ọ̀hún ṣe rí lẹ́nu, tàbí bí òórùn ewé náà ṣe rí kí wọ́n tó ṣáná sí i. Ojú nìkan la fi ń kọ̀wé. Imú àti ahọ́n ti lọ họ́lidé.

Ẹnì kan á ní, "Tábà ṣáà ni tábà, kí ló tún kù?" Rárá o. Ẹ lọ sọ́jà ní Òkè-Sopen, ní Ìjẹ̀bú-Igbó níbí, kí ẹ dúró lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta aáṣáà. Ewé tábà gbígbẹ tí wọ́n lọ̀ kúnná pẹ̀lú káún ni aáṣáà, ṣùgbọ́n ti agolo yìí kì í ṣe ti agolo yẹn. Ìyá tí mo lọ bá ṣí méjì fún mi.

"Ọmọ mi, má fà á símú o. Jìnnà sí i díẹ̀, kó o gbóòórùn ẹ̀. Èwo ni káún ti pọ̀jù?"

Ti àkọ́kọ́ ta mí nímú bí ìgbà téèyàn ṣí ìgò oògùn. Èkejì rọ̀. Òórùn koríko gbígbẹ ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà ni nǹkan kan tó dùn díẹ̀, bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n.

"Ti àkọ́kọ́ ni, Mà."

"O gbà á. Káún ti pa ewé ìyẹn. Èkejì yìí, ewé ẹ̀ gbó kí wọ́n tó ká a."

Káún ti pa ewé. Ṣé ẹ rí gbólóhùn yẹn? Nínú gbogbo ìtàn tí mo ń wí, kò sí ìlà kan tó tó o.

Irú ẹnu tó mọ ìyàtọ̀ báyìí kì í ṣe ti òní. Pierre Fatumbi Verger, ará Faransé tó di babaláwo, kọ ìwé ńlá kan lórí òwò láàárín etíkun wa àti Bahia ní Brazil. Ọdún 1968 ló jáde ní èdè Faransé. Ibadan University Press sì tẹ ti Gẹ̀ẹ́sì ní 1976. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ewé tábà tó dára jù ní Bahia, Lisbon ni wọ́n ń kó o lọ. Èyí tí Lisbon kọ̀ ni wọ́n ń lọ́ bí okùn, wọ́n á wá fi omi ìrèké tí wọ́n sè títí tó fi dúdú tó sì ki pa á lára. Òun ni wọ́n ń kó wá sí Ouidah àti àwọn èbúté yòókù ní agbègbè wa.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Ahọ́n àwọn èèyàn etíkun gba adùn yẹn, wọn ò sì fẹ́ òmíràn mọ́. Àwọn ará Họ́láńdì tó wà ní Elmina ń gba ìdá kan nínú mẹ́wàá tábà lọ́wọ́ ọkọ̀ tó bá ti Bahia wá, kí wọ́n tó jẹ́ kó lọ tajà ní Ouidah. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé pàápàá ń wá tábà Brazil yìí, torí pé òun ni ọjà ń bèèrè. Ewé tí àwọn kan kọ̀ sílẹ̀ wá di ọba lọ́jà wa. Kí sì ni wọ́n ń fi rà? Èèyàn. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló bá òwò yẹn lọ sí Bahia.

Ibi tí mo ń bọ̀ nìyí. Ọ̀kan nínú àwọn ìtàn wa, ayé òwò ẹrú ló ti ṣẹlẹ̀. Bàbá inú ẹ̀ fa tábà ní ojú ìwé mẹ́rin, òǹkọ̀wé wá fi ojú ìwé méjì sunkún nítorí àwọn tí wọ́n kó lọ. Ẹkún yẹn ò wọ̀ mí lára. Ká ní ó jẹ́ kí bàbá náà lá ètè ẹ̀, kó bá adùn ìrèké níbẹ̀, èmi òǹkàwé á bi ara mi léèrè: ìrèké ta ni? Ta ló gé e? Ọmọ ta ló lọ kí ìkòkò yìí tó kún? Ìlà kan ṣoṣo á ti ṣe iṣẹ́ ojú ìwé méjì.

Àwọn kan tún wà tó gbìyànjú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òyìnbó ni wọ́n yá lò. Wọ́n ní tábà ń rùn bí fanílà. Fanílà wo, níbo? Ọ̀rọ̀ wà nílé ìdáná wa. Ẹ wo Latakia, tábà ìkòkò tó gba orúkọ èbúté kan ní Síríà, tí wọ́n wá ń ṣe ní Cyprus náà. Ẹ̀fín igi ni wọ́n fi ń yan ewé ẹ̀. Ẹni tó bá ti kọjá níbi tí wọ́n ti ń yan ẹja ní Ògùn Waterside ti mọ apá kan òórùn yẹn. Ẹ wo Perique ti Louisiana ní Amẹ́ríkà: inú àgbá ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún bí ọdún kan, kó lè kan nínú omi ara ẹ̀. Àbí kí la ń ṣe sí gàrí Ìjẹ̀bú nínú àpò, lábẹ́ òkúta? Ẹni tó mọ gàrí tó lo ọjọ́ púpọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n kánjú yan, ti ní ahọ́n tó lè kọ ìtàn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ ra ìkòkò tábà nítorí ọ̀rọ̀ mi. Tábà ń fa jẹjẹrẹ, aáṣáà náà ò ṣeré, ìjọba sì ti ṣòfin lórí ẹ̀ láti 2015. Imú lókèèrè ti tó fún òǹkọ̀wé. Kí ẹ gbóòórùn méjì pa pọ̀, kí ẹ bi ara yín pé kí ni èyí ní tí ìyẹn ò ní, kí ẹ sì wá ọ̀rọ̀ fún un ní ìdáná ìyá yín.

Tá a bá tún pàdé, kí kálukú mú ìpínrọ̀ kan wá, tí tábà wà nínú ẹ̀ tí kò sí ẹ̀fín. Ẹni tó bá tún mú ìkùukùu wá, òun ló máa sanwó fọ́tòkọ́pì.