Ọ̀tún Ṣáájú Òsì: Ètò Ìsopọ̀ Nínú Odù Ifá

Bí ọ̀rọ̀ ìṣirò inú Ifá bá délẹ̀, ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé 16 lọ́nà 16 jẹ́ 256, nítorí náà àwọn baba wa ti mọ kọ̀ǹpútà kí òyìnbó tó mọ̀ ọ́n. Iye náà tọ̀nà, àmọ́ irú ìyìn bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ ká wo iṣẹ́ ọnà náà dáadáa. Ìbéèrè tó yẹ lámèyítọ́ ni èyí: kí ló dé tí ojú odù 16 fi bí 256, tí kò bí 136?

Àwọn onímọ̀ ìṣirò ní ètò kan tó bá ìbéèrè yìí mu. Bí àkójọ méjì bá wà nílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní sẹ́ẹ̀tì nílé ìwé, a ó mú ẹyọ kan nínú àkọ́kọ́, a ó mú ẹyọ kan nínú ìkejì, a ó so wọ́n pọ̀, títí gbogbo ìsopọ̀ tó ṣeé ṣe yóò fi tán. Orúkọ René Descartes ni wọ́n fi ń pe àkójọ àwọn ìsopọ̀ náà. Ọmọ ilẹ̀ Faransé ni, òun ló kọ La Géométrie ní 1637, níbi tó ti fi ìṣirò ṣàlàyé ìlà tó tọ́ àti èyí tó tẹ̀. Òfin kan ló di ètò yìí mú: ẹni tó ṣáájú kò gbọdọ̀ gba ipò ẹni tó tẹ̀ lé e. (3, 5) yàtọ̀ sí (5, 3).

Ẹ jẹ́ ká wá wo ọwọ́ babaláwo. Ó kó ikin 16 sọ́wọ́ kan, ó fi ọwọ́ kejì bù ú. Bí ẹyọ kan bá ṣẹ́kù, ó tẹ ìlà méjì sórí ìyẹ̀rosùn. Bí méjì bá ṣẹ́kù, ó tẹ ìlà kan. Yóò ṣe é títí ojú mẹ́rin yóò fi wà lọ́tùn-ún, tí mẹ́rin yóò sì wà lósì. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ kan náà ní jíjù ẹ̀ẹ̀kan. Níwọ̀n bí ojú kọ̀ọ̀kan ti lè jẹ́ kan tàbí méjì, apá kan ṣoṣo lè yọ ní ọ̀nà 2 × 2 × 2 × 2, èyí tí í ṣe 16. Kan mẹ́rin ni Ogbè, méjì mẹ́rin ni Ọ̀yẹ̀kú. Kan, kan, méjì, méjì ni Ìrosùn. Ẹ dorí rẹ̀ kodò, Ọ̀wọ́nrín ló dé. Nínú apá kọ̀ọ̀kan pàápàá, ipò ti ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀tún la kọ́kọ́ ń kà. Bí Ogbè bá wà lọ́tùn-ún tí Ọ̀yẹ̀kú wà lósì, Ogbè-Ọ̀yẹ̀kú ni. Bí wọ́n bá pààrọ̀ ipò, ó di Ọ̀yẹ̀kú-Logbè: odù mìíràn, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tirẹ̀ àti ẹbọ tirẹ̀. Ibí ni ìdáhùn wà. Ojú odù tó bá ara rẹ̀ pàdé jẹ́ 16, àmúlù jẹ́ 240. Bí a bá pa ìyàtọ̀ ọ̀tún àti òsì rẹ́, 240 yóò di 120, gbogbo odù yóò sì ku 136.

Ọ̀rọ̀ ipò yìí kò rọrùn fún àwọn onímọ̀ sẹ́ẹ̀tì. Sẹ́ẹ̀tì kò ní ọ̀tún, kò ní òsì. Kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ wọlé. Ní 1921, Kazimierz Kuratowski, ọmọ ilẹ̀ Pólándì, dámọ̀ràn pé ká kó àkójọ méjì sínú ọ̀kan: ọ̀kan tí ẹni àkọ́kọ́ dá wà nínú rẹ̀, èkejì tí àwọn méjèèjì jọ wà. Ẹni tó wà nínú méjèèjì ló ṣáájú. Ifá kò nílò irú ọgbọ́n yẹn, nítorí ojú ọpọ́n ti ní ọ̀tún àti òsì kí ikin tó délẹ̀.

Ẹẹ́rìndínlógún, ìyẹn owó ẹyọ tí àwọn abọ̀rìṣà fi ń ṣàyẹ̀wò, mú kí èyí hàn sí i. Bí owó ẹyọ 16 bá ní ipò tirẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà 65,536 ni wọ́n lè gbà ṣubú. Ṣùgbọ́n iye tó ṣí ojú sókè nìkan ni a ń kà, láti orí òdo dé 16, ó sì di 17 péré. Bẹ́ẹ̀ ló rí nínú Sixteen Cowries tí William Bascom tẹ̀ jáde ní 1980, láti ẹnu abọ̀rìṣà kan ní Ọ̀yọ́. Ní Kúbà, wọ́n máa ń da owó náà lẹ́ẹ̀mejì kí orúkọ odù tó pé. Ìdà àkọ́kọ́ wá dúró fún ọ̀tún, ìkejì fún òsì, ìsopọ̀ elétò sì padà wọlé.

Àmọ́ àwọn tó ń fi Ifá wé kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ìṣirò dúró sí. Ìṣirò kò mọ àgbà, Ifá mọ̀ ọ́n: ó yọ odù méjì-méjì 16 kúrò láàárín àwọn yòókù, ó fi wọ́n ṣe olórí kí àmúlù tó bẹ̀rẹ̀. Bákan náà, kò sí bí a ṣe lè ro Ogbè Méjì pọ̀ mọ́ Ọ̀yẹ̀kú Méjì kí ẹsẹ̀ Ogbè-Ọ̀yẹ̀kú jáde. Ìsopọ̀ pèsè àyè. Ọdún pípẹ́ lẹ́sẹ̀ olúwo ló ń kó ẹsẹ̀ sínú rẹ̀. Bí a ó bá yin Ifá nítorí ìṣirò, ìpamọ́ ipò yìí ló yẹ ká yìn ju iye lọ. Awo tó bá ka òsì ṣáájú ọ̀tún nínú àmúlù ti yan ẹbọ ẹlòmíràn fún ẹni tó wá dífá.