Ọpọ́n Ìtì Kan àti Ọpọ́n Àlẹ̀pọ̀

Nínú iṣẹ́ ọnà Yorùbá, ìtì igi kan ṣoṣo ni a fi ń díwọ̀n ìmọ̀ agbẹ́gilére: yálà ọpọ́n obì ni ó ń gbẹ́, tàbí agere Ifá, èyí tí í ṣe àwo ẹlẹ́sẹ̀ tí babaláwo ń kó ikin sí, tàbí agọ̀ Ẹpa tí gíga rẹ̀ lè ju mítà kan lọ, inú ìtì yẹn náà ni orí, ẹsẹ̀ àti gbogbo ère ara rẹ̀ ti ń jáde. Ọpọ́n àlẹ̀pọ̀, tí ó gbajúmọ̀ láàrin àwọn oníṣẹ́ igi ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, gba ọ̀nà mìíràn: wọn a la oríṣiríṣi igi líle sí pákó tẹ́ẹ́rẹ́, wọn a fi gúlúù lẹ̀ wọ́n pọ̀, wọn a sì gbé e sórí ẹ̀rọ tí ń yí i bírípo, kí irin mímú lè fá a títí yóò fi di àwo.

Iṣẹ́ tí ó fi ìyàtọ̀ àárín ọ̀nà méjèèjì hàn jù lọ ni ọpọ́n olómorí tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì gbẹ́ ní nǹkan bí ọdún 1925, tí ó wà ní National Museum of African Art ní Washington. Ọlọ́wẹ̀, tí a bí ní Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, tí ó sì kú ní nǹkan bí 1938, náà ni ó gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ tí wọ́n pàtẹ ní Wembley ní 1924, ṣùgbọ́n ọpọ́n yìí ní ìgboyà ju ilẹ̀kùn náà lọ. Obìnrin kan kúnlẹ̀, ó gbé ọpọ́n dání, àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin ń jó lórí ọmọrí, àwọn ère mìíràn sì yí abẹ́ rẹ̀ ká bí ọgbà, orí ènìyàn kan sì wà láàrin wọn tí ó ń yí gbirigbiri, tí kò sì ṣeé yọ. Ọlọ́wẹ̀ ki irin gba àlàfo àárín àwọn ère wọlé, ó sì gé orí náà kúrò lára ìtì níbi tí ó wà. Ká ní ó gbẹ́ orí náà lọ́tọ̀, kí ó tó to àwọn ère yí i ká, ojú lè má mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ohun ìyanu inú iṣẹ́ náà ìbá ti tán.

Ìpele mẹ́rin ni àwọn agbẹ́gilére Èkìtì ń tẹ̀lé: ọnà lílé, tí í ṣe fífi àáké gé ìrísí ńláńlá, àlétúnlé, tí í ṣe pípín ìrísí náà sí ojú, ọwọ́ àti ẹsẹ̀, dídán, àti fínfín, níbi tí ọ̀bẹ ti ń ya irun àti ilà. Nínú ọpọ́n àlẹ̀pọ̀, rúlà ni ó ń ṣe iṣẹ́ ọnà lílé kí irin tó kan igi rárá, ibẹ̀ sì ni ewu rẹ̀ wà, nítorí pé igi kì í fi bẹ́ẹ̀ sún kì ní òró, ṣùgbọ́n ó ń sún kì ní ìbú bí ó ti ń gbẹ. Bí iṣan pákó kan bá dábùú èkejì, tàbí bí ọ̀kan bá tutù ju ìkejì lọ, ojú àlẹ̀pọ̀ yóò là. Èrè rẹ̀ ni àwọ̀: pupa apá àti ràkọ̀ràkọ̀ ìrókò wà nínú igi fúnra rẹ̀, wọn kò sì lè ṣí bí ọ̀dà.

Lílẹ̀ igi mọ́ igi kò ṣàjèjì sí Yorùbá pátápátá. Àwọn agbẹ́gilére Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu a máa gbẹ́ ère lọ́tọ̀, wọn a sì kàn án mọ́ orí agọ̀, kí ìtàn tí agọ̀ ń sọ lè gbòòrò ju ìtì lọ. Ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó nínú ọ̀pọ̀ ọpọ́n àlẹ̀pọ̀ nìyẹn: àwọ̀ wọn tò lẹ́sẹẹsẹ, ìwọ̀n wọn pé, ṣùgbọ́n wọn kò sọ nǹkan kan.

Ó yẹ kí àwọn káfíńtà Ọ̀bà-Àkókó, Ọ̀kà àti Ìkàrẹ́ dán ọ̀nà àlẹ̀pọ̀ yìí wò, nítorí pé ajákù pákó tí kò tó ilẹ̀kùn ṣe ni ó ń lò, ìtì ìrókò ńlá sì ti ṣọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe é kọ́kọ́ kọ́ àlétúnlé lọ́dọ̀ agbẹ́gilére, kí ó sì jẹ́ kí ọ̀bẹ ṣe fínfín sára àwo náà lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti dúró.