Bí A Ṣe Ń Ṣọ́ Agbára Ná

Ẹni tó bá wo obìnrin yìí nínú omi láìmọ ohun tó dáwọ́ lé, á ní kò yára tó. Apá ọ̀tún á jáde, á nà gbọọrọ síwájú, orí ìka ni yóò kọ́kọ́ wọ omi. Ìgbọ̀nwọ́ á ṣì ga nígbà tí àtẹ́lẹwọ́ ti dojú kọ ẹ̀yìn, tó ń wá omi dì mú. Ìgbà tó bá dì í mú tán ni yóò tó fa ara rẹ̀ kọjá lórí rẹ̀. Kò sí ariwo, omi kì í ta. Ẹsẹ̀, tí ọ̀pọ̀ wa máa ń fi gbá omi kíkankíkan, kàn ń mì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́yìn ni, kí ìbàdí má bàa rì. Ó ń fi ẹsẹ̀ yẹn pamọ́ ni. Tó bá jáde nínú omi, kẹ̀kẹ́ ń dúró dè é. Tó bá sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, eré sísá ṣì kù.

Àgùdà ló ń gbé, ní Sùúrùlérè, nítòsí òpópónà Adétọ́lá. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ló fi ń jẹun. Kò sí ẹni tó ń san kọ́bọ̀ fún un nítorí eré. Triathlon ni eré náà: ìlúwẹ̀ẹ́, kẹ̀kẹ́ àti eré sísá, lọ́jọ́ kan náà, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, tí aago kò sì ní dúró láàárín wọn. Èyí tí wọ́n ń ṣe ní Òlíḿpíìkì láti ọdún 2000 mọ níwọ̀n, kìlómítà 1.5 nínú omi, 40 lórí kẹ̀kẹ́, 10 lórí ẹsẹ̀. Ti ọ̀nà jíjìn ló wà lọ́kàn tirẹ̀. Ìlàjì rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń lé, ìyẹn kìlómítà 1.9, 90 àti 21.1. Lẹ́yìn náà ló fẹ́ dojú kọ odindi: 3.8 nínú omi, 180 lórí kẹ̀kẹ́, kó sì fi 42.2 parí rẹ̀. Wákàtí 17 ni wọ́n sábà máa ń fún èèyàn láti ṣe odindi yẹn tán. Ẹni tó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn kò ní kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tó parí.

Mo fẹ́ràn láti máa wò ó tó bá ń ṣiṣẹ́ yìí, ohun tó sì mú mi jù ni bó ṣe mọ agbára ṣọ́ ná. Bí ìyálé ilé ṣe ń ka owó oúnjẹ lówùúrọ̀ ọjọ́ kìíní oṣù, tó ti mọ èyí tí yóò kù lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ka èémí rẹ̀. Ara wa lè tọ́jú ṣúgà sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀, ṣùgbọ́n kò pọ̀: ẹni tó bá ń sáré gidi lè ná an tán láàárín nǹkan bíi wákàtí kan ààbọ̀ sí méjì. Ọ̀rá tó wà lára kì í tètè tán, àmọ́ kì í yára jó. Tó bá rọra lọ, ọ̀rá ni yóò máa jó jù, ṣúgà á sì kù sílẹ̀ fún ọ̀sán. Tó bá fi ìkánjú gbéra, ọ̀sán á bá a lọ́wọ́ òfo.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá triathlon ọ̀nà jíjìn sílẹ̀ ló ti ń rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 1978, ní erékùṣù Oahu ní Hawaii, èèyàn 15 ló gbéra nínú ìdíje tí John Collins àti ìyàwó rẹ̀ Judy gbé kalẹ̀. Àwọn 12 ló parí. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tí wọ́n ń sanwó fún. John Dunbar ló wà níwájú nígbà tí wọ́n bọ́ sórí eré sísá, ṣùgbọ́n omi tán lọ́wọ́ àwọn tó ń tẹ̀ lé e, bíà ni wọ́n sì fún un mu dípò omi. Gordon Haller kọjá lára rẹ̀, ó sì gbẹ̀yẹ ní wákàtí 11, ìṣẹ́jú 46 àti ìṣẹ́jú-àáyá 58. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní oṣù Kejì ọdún 1982, nínú ìdíje kan náà, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan tó ń jẹ́ Julie Moss ló ṣáájú gbogbo obìnrin. Ó kù díẹ̀ kó dé òpin ni ẹsẹ̀ kọ̀ fún un. Ó ṣubú, ó dìde, ó tún ṣubú, ó sì rákòrò dé ìlà ìparí. Kathleen McCartney, tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ti kọjá. Ìṣẹ́jú-àáyá 29 péré ló fi ṣáájú rẹ̀. Gbogbo ayé ló yin ìgboyà Moss, èmi náà yìn ín. Ṣùgbọ́n ojú tí obìnrin Àgùdà yìí fi ń wo ìtàn náà yàtọ̀. Ibi tó ń wá nínú rẹ̀ ni kìlómítà tí nǹkan ti kọ́kọ́ yẹ̀, ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó rí i.

Inú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì kan ló ti ń fi omi kọ́ra. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 25, nítorí náà ìgbà 76 ló máa wẹ̀ ẹ́ já láti etí kan sí èkejì kó tó pé kìlómítà 1.9. Ó máa ń gbé ojú sókè díẹ̀ lẹ́yìn ìgbà mélòó kan tó bá ti na apá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlà dúdú wà nísàlẹ̀ adágún tó lè máa tẹ̀ lé. Ó mọ̀ pé kò sí ìlà nínú òkun. Ìdíje odindi tó gbajúmọ̀ jù nílẹ̀ Áfíríkà wà ní Gqeberha ní Gúúsù Áfíríkà, ìlú tí wọ́n ń pè ní Port Elizabeth tẹ́lẹ̀, inú òkun ni wọ́n sì ti ń wẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ojú gbé, á yà bàrá kúrò lójú ọ̀nà, á sì wẹ̀ ju èyí tí wọ́n ní kó wẹ̀ lọ. Ẹwà ojú gbígbé yìí wà nínú kíkéré rẹ̀. Iwájú orí àti ojú nìkan ló ń yọ, ẹnu ṣì wà lábẹ́ omi. Ojú á rí àmì, orí á yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, á mí, á sì padà wọlé. Tó bá gbé orí ga jù, ìbàdí á rì, gbogbo ohun tó ti kó jọ á sì ṣòfò.

Èkó ti rí ẹni tó lúwẹ̀ẹ́ ọ̀nà jíjìn lójú gbogbo èèyàn. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2024, Akinrodoye Samuel wẹ gígùn Afárá Third Mainland já, kìlómítà 11.8, ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta. Ó fi ṣe ìpolongo nípa ìlera ọpọlọ, nítorí àwọn tó ti bọ́ sínú ọ̀sà láti orí afárá yẹn. Ẹ jẹ́ ká pín in: nǹkan bí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ ni mítà 100 kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni ó ń lọ títí, nínú omi tí kò mọ́, tí kì í sì í dúró sójú kan. Ó ju ìlọ́po mẹ́ta odindi omi triathlon lọ. Èmi kò lè kọjá lórí afárá yẹn mọ́ kí n má wo omi ìsàlẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ti kẹ̀kẹ́ le jù ní Èkó. Ta ni yóò gun kẹ̀kẹ́ fún wákàtí mẹ́ta láàárín dáńfó, Márúwá àti gálọ́ọ̀pù? Láàárín ọ̀sẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ló ti ń gùn ún. Ó ti so ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ mọ́ irin kan tó gbé e dúró, fáànù ń fẹ́ sí i níwájú nígbà tí iná bá wà. Ẹ wo èjìká rẹ̀ níbẹ̀. Kò mì. Ọwọ́ dúró jẹ́ẹ́, ẹnu kò fún pọ̀, láti ìbàdí lọ sísàlẹ̀ nìkan ni nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀, ẹsẹ̀ ń yí nǹkan bí ìgbà 85 sí 90 ní ìṣẹ́jú kan. Sẹ́ẹ̀nì ń dún bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Aago ọwọ́ rẹ̀ ń ka bí ọkàn ṣe ń lù. Bó bá ti ga ju ibi tí kóòṣì rẹ̀ ní kó mọ, á dẹ̀ ẹ́, ì báà jẹ́ pé ara rẹ̀ ń yá gágá lọ́jọ́ náà. Ọmọ ilé bá a sọ̀rọ̀, ó sì dá a lóhùn ní gbólóhùn tó pé, láìgé èémí. Bó ṣe ń dán ìwọ̀n rẹ̀ wò náà nìyẹn.

Ọjọ́ Sátidé ló ń jáde sí títì kí ilẹ̀ tó mọ́, pẹ̀lú àwọn agunkẹ̀kẹ́ mìíràn. Wọ́n ń sún mọ́ra, nítorí ẹni tó wà lẹ́yìn kò ní fi bẹ́ẹ̀ jìyà atẹ́gùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà lẹ́yìn kò rí títì, ọwọ́ ẹni iwájú ni ojú rẹ̀: ìka tó tọ́ka sísàlẹ̀ lọ́wọ́ òsì, kòtò ń bẹ lósì, àtẹ́lẹwọ́ tó là sílẹ̀ lẹ́yìn ìdí, a fẹ́ dúró. Mo ṣàkíyèsí pé òun kì í pẹ́ lẹ́yìn. Òfin eré tirẹ̀ ló fà á. Nínú ìdíje ọ̀nà jíjìn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fara pamọ́ sẹ́yìn ẹlòmíràn. Ó kéré tán, mítà 12 gbọ́dọ̀ wà láti iwájú kẹ̀kẹ́ kan sí iwájú èkejì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìyà ń bẹ. Nítorí náà, á bọ́ síwájú, á tẹ̀ ba, á sì gba atẹ́gùn sí àyà fúnra rẹ̀.

Èyí tí àwọn èèyàn kò kà sí iṣẹ́ ni jíjẹ. Lójú tèmi, ikùn ló gba ẹ̀kọ́ jù lára ẹni tó ń sáré ọ̀nà jíjìn. Àwọn onímọ̀ ní kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa jẹ nǹkan bíi gíráàmù 60 sí 90 oúnjẹ afúnnilágbára ní wákàtí kan, lórí kẹ̀kẹ́. Ikùn tí kò tíì mọ̀ ọ́n ṣe á dà á padà. Díẹ̀díẹ̀ ló fi kọ́ ọ: ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó pọ́n dáadáa, dàbínù, omi tó po ṣúgà àti iyọ̀ mọ́. Aago á dún, á mu. Òùngbẹ kò tíì gbẹ ẹ́, á mu náà. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ Èkó kì í jẹ́ kí òógùn tètè gbẹ lára, bẹ́ẹ̀ ni gbígbẹ òógùn ló ń tu ara. Nítorí náà ó ń wọn ara rẹ̀ lórí ìwọ̀n kó tó jáde àti nígbà tó bá wọlé. Bí kílò kan bá lọ, lítà omi kan bí ìyẹn ló sọnù, á sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ó tún máa ń wo fìlà rẹ̀ tó bá ti gbẹ, bóyá iyọ̀ funfun pọ̀ létí rẹ̀.

Lẹ́yìn kẹ̀kẹ́, eré. Kì í jókòó. Iwájú géètì ilé ló ti ń fi pípààrọ̀ kọ́ra, àwọn ọmọdé àdúgbò, tí wọ́n ń pè é ní Àǹtí Oníkẹ̀kẹ́, á dúró máa kà fún un: ení, èjì, ẹ̀ta! Kẹ̀kẹ́ á kọ́kọ́ dúró sí àyè rẹ̀. Ìgbà yẹn nìkan ló tó lè tú akoto lórí, nítorí ẹni tó bá tú u ṣáájú nínú ìdíje á jìyà. Okùn bàtà rẹ̀ jẹ́ rọ́bà, kò ní dì í. Ẹsẹ̀ á wọlé, ọwọ́ á mú fìlà, ó ti lọ. Ẹsẹ̀ tó sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ máa ń le bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni, ó sì máa ń tan èèyàn jẹ, á rò pé òun ń falẹ̀ nígbà tó ń sá jù. Ẹ wò ó bó ṣe ń gba Adétọ́lá lọ sí Ẹniìtàn: ìṣísẹ̀ kékeré, yíyára, ẹsẹ̀ ń balẹ̀ sábẹ́ ara gan-an, ojú lórí aago. Ó ń fà á sẹ́yìn. Á gba Akerele, á dé Bode Thomas kó tó tú ìjánu rẹ̀ díẹ̀.

Ọ̀nà yẹn ló ń gbé e lọ sí ìtòsí Pápá Ìṣeré Orílẹ̀-èdè, tí wọ́n kọ́ parí ní 1972 fún ìdíje gbogbo Áfíríkà tó wáyé ní oṣù Kìíní ọdún 1973. Adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tó tó ti Òlíḿpíìkì wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi pa ibẹ̀ tì, ó sì ń dùn mí, nítorí láti Àgùdà, ẹsẹ̀ lásán lèèyàn lè fi dé ibẹ̀. Ibẹ̀ náà ni eré Marathon Èkó ti máa ń gbéra láti ọjọ́ 6 oṣù Kejì ọdún 2016. Ẹ lọ dúró síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ èèyàn á fi eré burúkú jáde, orin ń dún, wọ́n á gba Ìkòròdú Road lọ bí ọfà. Tó bá máa fi di orí Third Mainland, tí oòrùn ti yọ, tí kò sí ibòji, púpọ̀ nínú wọn á ti máa rìn, ọwọ́ ní ìbàdí. Obìnrin Àgùdà yìí á máa kọjá lára wọn níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú eré kan náà tó fi jáde ní Sùúrùlérè, á sì máa kí wọn: "Ẹ kú ìrọ́jú o. Ẹ mumi."

Iṣẹ́ tó ṣòro fún un jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ìsinmi. Bí ìdíje bá ku ọ̀sẹ̀ méjì, kóòṣì á gé iṣẹ́ rẹ̀ kù sí ìdajì tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, kí iṣan tún ara rẹ̀ ṣe, kí ṣúgà sì kún inú wọn. Ara á máa yún un, á fẹ́ jáde. Ní irú ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni Ìyá Alákàrà tó wà ní ìkóríta pè é.

"Ọmọ mi, mi ò rí ọ kó o sáré kọjá láti ìjẹta. Ṣé kò sí o?"

"Kò sí o, Mà. Wọ́n ní kí n sinmi ni."

"Ìsinmi dára. Jókòó, jẹ́ n bu mẹ́ta lé e fún ọ."

Ó jókòó, ó sì jẹ ẹ́ tán pátápátá, pẹ̀lú odindi ife ògì gbígbóná. Ó ti wà nínú ìwé tí kóòṣì kọ fún un pé kó jẹun dáadáa lọ́sẹ̀ yẹn.