Òkúta Kan, Ẹsẹ̀ Mẹ́rin

Ẹni tó bá ń gbé Festac mọ̀ pé ilẹ̀ wa tẹ́ pẹrẹsẹ. Àbàtà àti iyanrìn ni. Láti ẹnu géètì Trade Fair títí dé Máìlì Tú, kò sí ibi tí ẹsẹ̀ ti ń gòkè àfi orí afárá. Ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ lè pé ogún ọdún kó má tíì fọwọ́ kan òkúta kankan, àyàfi èyí tí tírélà kó wá fún àwọn tó ń kọ́lé. Bóyá ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ mi fi dùn mọ́ mi tó báyìí: mò ń kó àwọn ará ilẹ̀ pẹrẹsẹ lọ sórí òkè, tí alẹ́ ọjọ́ náà yóò sì bá wọn lórí ibùsùn ara wọn. Amọ̀nà ni mí. Olúmọ ní Abẹ́òkúta ni òkè mi.

Tọkọtaya ni mo fẹ́ràn jù láti mú lọ, àwọn náà ló sì nira jù. Bó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo, bó ṣe ń rìn ni wàá máa bá a rìn. Bó bá jẹ́ ogójì ọmọ ilé ìwé, fèrè ni wàá fi darí wọn. Ṣùgbọ́n èèyàn méjì tó ti jọ ń gbé láti ọdún mọ́kànlá, ẹsẹ̀ wọn kò dọ́gba, ahọ́n wọn kò dọ́gba, ohun tó ń ya ọ̀kan lẹ́nu ti lè sú èkejì. Iṣẹ́ amọ̀nà ni kó rí i pé àwọn méjèèjì jọ dé ibì kan náà lẹ́ẹ̀kan náà. Ọdún tí wọ́n tẹ ìlú dó àti orúkọ àwọn ológun, ẹni tó bá mọ̀wé kà lè há ìyẹn sórí.

Mi ò tètè mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo mú ọkọ àti ìyàwó kan lọ. Ẹsẹ̀ ọkọ yá, èmi náà bá a yára, mò ń ka ìtàn sí i létí bí ẹni ń ka ìròyìn lórí rédíò. Ìgbà tí a wẹ̀yìn, ìyàwó ti jókòó sórí àtẹ̀gùn nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ó bọ́ bàtà, ó kọjú sí ibòmíràn. Wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ títí a fi dé Sango. Owó mi pé, ṣùgbọ́n mi ò lè sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Gbólóhùn kan péré ni ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ sọ nígbà tí mo ròyìn fún un: “Ẹni tó lọ́ra ni kó máa ṣíwájú.” Òun ni mò ń lò títí di òní.

Láìpẹ́ yìí, tọkọtaya kan pè mí láti Trade Fair. Ọmọ Nnewi ni ọkọ, ẹ̀yà ara ọkọ̀ ló ń tà ní ọjà ASPAMDA níbẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni ìyàwó, ọjà BBA níbẹ̀ náà ni ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ wà. Lọ́dún 1977 ni wọ́n ṣí Trade Fair yẹn, àwọn ayàwòrán ilé láti Yugoslavia ló sì ya àwòrán rẹ̀. Ọdún yẹn náà ni àwọn èèyàn dúdú láti gbogbo ayé péjọ sí Èkó fún FESTAC, láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù kejì, ilé tí wọ́n kọ́ fún àwọn àlejò náà la sì ń gbé lónìí. Àlejò ni wọ́n kọ́ àdúgbò wa fún. Mo máa ń rántí ìyẹn bí mo bá ń fọ ọkọ̀ mi lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn àjò.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, kí la máa gbé dání?” ni ìyàwó béèrè lórí fóònù. Èmi náà béèrè tèmi: orúnkún ńkọ́? Ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́? Bàtà wo lẹ fẹ́ wọ̀? Mo ní kí wọ́n mu ògì díẹ̀ pẹ̀lú àkàrà méjì péré láàárọ̀, kí wọ́n má yó. Inú tó kún kì í gun òkè, kì í sì í gba ìtọ́wò ẹmu àti oúnjẹ tó ń tẹ̀ lé e.

Aago márùn-ún ààbọ̀ la gbéra. Rélùwéè wà láti Ebute Metta dé Abẹ́òkúta láti ọdún 2021, ó sì tura, ṣùgbọ́n Láàdẹ̀rìn lẹ́yìn ìlú ló ń já èèyàn sí. Ojú títì tẹ́ mi lọ́rùn. Lẹ́yìn Sango, Ifọ̀ àti ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Ewékorò, ilẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ga, á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀, òkúta á máa yọ orí láàárín ilé bí ẹ̀yìn erin. Ọkọ tó ti ń sùn bọ̀ láti Òṣòdì jí, kò sì sùn mọ́.

Ó yẹ kí èèyàn dé ẹsẹ̀ Olúmọ kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Bí oòrùn bá ti pa òkúta náà dé ọ̀sán, ooru rẹ̀ á máa gba inú bàtà bọ́ sí àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹ̀rọ agbénigòkè wà níbẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n tún ibẹ̀ ṣe ní ọdún 2006. Fún ẹni tí orúnkún ń dùn, ohun rere ni. Ẹni tó bá lè rìn, àtẹ̀gùn ni mo máa ń mú un gbà, nítorí ẹni tí kò mí gúlegúle lórí òkè náà kò lè mọ ìdí tí ọ̀tá kò fi rí i gùn.

Lọ́tẹ̀ yìí, ìyàwó lẹsẹ̀ rẹ̀ yá. Ọkọ ti jókòó sẹ́yìn káńtà fún ọdún pípẹ́, ikùn rẹ̀ ti yọ díẹ̀. Mo fi í síwájú, mo fi ìyàwó sí àárín, èmi wà lẹ́yìn. Ìyàwó fẹ́ kọjá lẹ́ẹ̀mejì, mo pe àkíyèsí rẹ̀ sí nǹkan lẹ́ẹ̀mejì: igi kan, àti òrùlé àdúgbò Ìtòkú nísàlẹ̀.

Abẹ́ òkúta ni mo máa ń fẹ́ kí wọ́n pẹ́ sí jù. Ibẹ̀ ni àwọn Ẹ̀gbá sá sí nígbà tí Ṣódẹkẹ́ aṣáájú wọn kó wọn dé lọ́dún 1830, tí ìlú fi gba orúkọ rẹ̀. Òkè ibẹ̀ rẹlẹ̀, dandan ni kí èèyàn tẹrí ba. Ihò wà lára òkúta nílẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń lọ nǹkan jíjẹ. Ìyàwó bẹ̀rẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ ọ̀kan. Inú ihò náà ń dán, ó sì tutù. Ó yí ìkúùkù rẹ̀ níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń lọ ata. Ọkọ kúnlẹ̀ tì í, ó ki ọwọ́ tirẹ̀ bọ èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mi ò sọ̀rọ̀ kankan. Ìgbà tí wọ́n dìde ni mo tó sọ fún wọn nípa àwọn ọmọ ogun Dàhòmì, bí wọ́n ṣe ṣígun wá lọ́dún 1851, tí wọ́n tún padà wá lọ́dún 1864, àti bí Abẹ́òkúta ṣe lé wọn padà lẹ́ẹ̀mejèèjì.

Lórí òkè pátápátá, fóònù ọkọ dún. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ó wò ó, ó tì í bọ àpò, ó ń wo odò Ògùn lọ́nà jíjìn.

Ọ̀rọ̀ ìtọ́wò wá kàn. Ọ̀pọ̀ amọ̀nà ló ń gbé ìrẹsì Ọ̀fadà ṣíwájú ẹmu. Mo bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n jáwọ́ nínú rẹ̀. Ata ọ̀fadà máa ń pa ahọ́n, ahọ́n tó bá sì ti kú kò lè mọ adùn ẹmu òwúrọ̀ mọ́. Ọ̀dọ̀ ìyá ẹlẹ́mu kan létí ìlú ni mo kọ́kọ́ ń yà. Ẹmu tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ funfun bí omi ìrẹsì, ó ń hó wẹ́wẹ́ lẹ́nu akèrègbè. Tí èèyàn bá dẹ etí sí i, yóò gbọ́ ọ bí òjò fẹ́ẹ́rẹ́ lórí ewé. Ahá kọ̀ọ̀kan ni mo ní kó bù fún wọn. Èmi kì í mu, torí èmi ni mo ń wakọ̀.

Ọkọ mu díẹ̀, ó dì í sẹ́nu, ó dijú. “Ẹ̀gbọ́n, èyí kì í ṣe ògùrọ̀. Orí ọ̀pẹ ló ti wá.” Ìyá ẹlẹ́mu pàtẹ́wọ́ fún un. Ó ní nílé àwọn, èyí ni wọ́n ń pè ní nkwu enu, ti inú àbàtà ni ngwo, àti pé òun lòun ń bá bàbá bàbá òun ru akèrègbè láàárọ̀ kùtù kí òun tó lọ sílé ìwé. Ìyàwó yíjú sí i. “O ò sọ èyí fún mi rí.” Mo dìde, mo ní mo fẹ́ lọ wo táyà.

Nídìí ọ̀fadà, ìyàwó ló di ọ̀gá. Wọ́n tú ewé, òórùn rẹ̀ jáde, òórùn tí ìrẹsì náà ń gbà láti inú omi tí wọ́n rẹ ẹ́ sí. Ó fi ìka tọ́ ọbẹ̀ wò, ó sọ irú tó wà níbẹ̀, ó sọ pé wọ́n yọ́ epo náà títí àwọ̀ rẹ̀ fi ṣí, kò sì jóná. Ọkọ ń làágùn, ó ń jẹ, ó ń bi í léèrè bí wọ́n ṣe ń yọ́ epo. Mo fi láfún òkèlè méjì méjì tẹ̀ lé e, nítorí ọjà àdìrẹ Ìtòkú tí a fẹ́ lọ. Níbẹ̀, gbágùúdá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ náà ni wọ́n rí nínú abọ́ aláàdìrẹ, tí wọ́n sè ní ẹ̀kọ, tí obìnrin kan ń fi ìyẹ́ adìẹ ya sára aṣọ kí aró má baà wọ ibi tí yóò wà ní funfun. Aṣọ ọ̀pá márùn-ún ni wọ́n rà, wọ́n ní àwọn á jọ dá a.

Mo ti rọ díẹ̀ nínú ẹmu àárọ̀ sínú ìgò. Mi ò dé e pa, ẹmu tí a bá dé pa lè fọ́ ìgò. Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, mo tún bù ú fún wọn. Ìwúkàrà inú rẹ̀ ti jẹ ṣúgà tán, ó ti kan, ó ti le. Ìyàwó fajú ro, ọkọ rẹ́rìn-ín, wọ́n jọ mu ahá kan ṣoṣo náà tán.

A wọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Sango, a sì dé géètì Trade Fair lẹ́yìn aago mẹ́jọ alẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ wọ bàtà pẹlẹbẹ, ẹ gbé omi dání, ẹ jẹ́ ká ti fi Máìlì Tú sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ tún sọ fún mi, ẹni tó lọ́ra nínú yín. Òun ló máa ṣíwájú.