Ta Ni Ọkọ Lachchi? Àyẹ̀wò Fíìmù Paheli

Ó ti di àṣà ní kíláàsì wa pé oníkálukú yóò yan fíìmù kan, yóò sì sọ ìtàn inú rẹ̀ ní Yorùbá láìwo ìwé. Èmi yan Paheli, fíìmù Íńdíà tó jáde ní ọdún 2005, nítorí pé màmá mi ní i nílé, a sì ti wò ó títí mo fi mọ àwọn orin inú rẹ̀ láìgbọ́ Híńdì. Mo rò pé iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Nígbà tí mo dé ibi tí mo ti sọ pé, "Ọkọ rẹ̀ sì wọlé," ẹnì kan bi mí láti ẹ̀yìn pé, "Ọkọ wo?" Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mi ò rí èsì fún un. Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò níbí, torí ó dà bíi pé òun gan-an ni fíìmù náà sá fún nígbà tó kù díẹ̀ kó parí.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ò tíì wò ó: Amol Palekar ni olùdarí rẹ̀. Shah Rukh Khan ló ṣe ọkọ, Rani Mukerji ló ṣe ìyàwó. Ní Rajasthan, ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Íńdíà, níbi tí yanrìn ti pọ̀ ju omi lọ, wọ́n ń mú ìyàwó tuntun kan tó ń jẹ́ Lachchi lọ sílé ọkọ. Wọ́n dúró sinmi lójú ọ̀nà. Ẹ̀mí kan tó ń gbé ibẹ̀ rí ojú ìyàwó, ìfẹ́ rẹ̀ sì kó sí i lórí. Wọ́n délé. Ní alẹ́ àkọ́kọ́, Kishanlal tó jẹ́ ọkọ jókòó ti ìwé ìṣirò owó, kò tilẹ̀ bojú wo ibi tí ìyàwó wà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó di ìdálẹ̀. Ọdún 5 ló fẹ́ fi ṣòwò níbẹ̀, bàbá rẹ̀ ló sì ti wá àkókò tó dára fún ìrìn àjò náà. Ẹ̀mí yìí pàdé rẹ̀ lọ́nà, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó sọ ara rẹ̀ di Kishanlal, ó sì gba ilé lọ. Ó parọ́ fún bàbá, ó sì ń fún un ní owó wúrà. Bàbá dákẹ́. Oníṣòwò ni, kí ló máa béèrè?

Ẹ jẹ́ ká dúró níbẹ̀ ná. Bí ẹ bá ti wo fíìmù tí àṣìmọ̀ ti ṣẹlẹ̀ láàárín tọkọtaya, ẹ ti mọ bó ṣe máa ń rí: ìyàwó ò mọ̀, àwa tí à ń wò mọ̀, ẹ̀rù sì ń bà wá nítorí rẹ̀. Paheli ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ẹ̀mí náà dé, tí ìyàwó ti ń dunnú pé ọkọ òun padà, ó dúró, kò fọwọ́ kàn án, ó sì jẹ́wọ́. Ó sọ irú ẹ̀dá tó jẹ́ fún un. Ó ní ọwọ́ rẹ̀ ló kù sí, bó bá ní kí òun lọ, òun á lọ. Ẹ wo ojú Rani Mukerji dáadáa níbẹ̀. Ìbẹ̀rù kọ́ ló kọ́kọ́ yọ lójú rẹ̀, ìyanu ni. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń wá ọkọ fún un títí dé òwúrọ̀ tí ọkọ fi lọ, kò sẹ́ni tó bi í léèrè pé kí lo fẹ́. Iwin ló kọ́kọ́ béèrè.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá bi yín pé ta ló ṣi ẹni mọ̀ nínú fíìmù yìí, ẹ má dárúkọ ìyàwó o. Bàbá ló ṣi ọmọ rẹ̀ mọ̀. Ará ilé ló ṣi ara wọn mọ̀. Lachchi mọ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Ẹ fi wé Naga-Mandala, eré orí ìtàgé tí Girish Karnad kọ ní èdè Kannada ní 1988. Níbẹ̀, ọkọ ń ti ìyàwó rẹ̀ Rani mọ́lé, ọ̀sán nìkan ló ń wálé wá jẹun. Ejò ṣèbé kan gbé àwọ̀ ọkọ wọ̀, ó ń wá bá Rani lóru, kò sì sọ fún un. Rani lóyún láìmọ ẹni tó fún un lóyún. Mo fẹ́ràn eré yẹn, ẹ̀fẹ̀ inú rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀tàn wà nídìí ìfẹ́ rẹ̀, kò sì sí bí a ṣe lè fọ̀ ọ́ mọ́. Ti Paheli mọ́. Ó kéré tán, ó mọ́ títí dé àárín.

Mo ti pe ẹ̀dá yìí ní ẹ̀mí, mo ti pè é ní iwin. Èwo ni kẹ́ ẹ kọ sílẹ̀ bí olùkọ́ bá ní kẹ́ ẹ túmọ̀ rẹ̀? Bhoot ni Híńdì ń pè é, "ghost" ni wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ fíìmù. Ẹnì kan nínú wa ní àkúdàáyà ni. Ó jọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, torí àkúdàáyà náà a máa fẹ́ ìyàwó, a máa bímọ, a sì máa pòórá lọ́jọ́ tí ẹni tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ bá dé. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Àkúdàáyà ń gbé ojú ara rẹ̀ kiri. Òun fúnra rẹ̀ ni, ikú tó ti kú nìkan ló ń fi pamọ́ fún aya rẹ̀. Ti fíìmù yìí yí padà pátápátá: ojú olójú ló gbé wọ̀, ẹni tó ni ojú ọ̀hún wà láàyè níbì kan, ó ń tajà, kò sì fi nǹkan kan pamọ́ fún ìyàwó. Iwin ló sún mọ́ ọn jù lójú tèmi, torí àwọn iwin wa náà a máa gbé inú igi àti ẹ̀bá ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ arọ́pò orúkọ tiẹ̀ tún burú jù. "Ó" ni Kishanlal, "ó" ni iwin. Bí mo ṣe ń sọ ìtàn náà ní kíláàsì, ẹnu mi gan-an ń pa àwọn méjèèjì pọ̀, bí bàbá wọn ṣe pa wọ́n pọ̀.

Ìdajì kejì fíìmù náà ló mú ọkàn ẹni sókè. Lachchi lóyún. Ìròyìn dé etí Kishanlal gidi ní ìdálẹ̀, pé ìyàwó rẹ tó o fi sílẹ̀ ti lóyún, ó sì gbéra. Ọjọ́ tí ìyàwó ń rọbí ló wọlé, ó sì bá ara rẹ̀ lójúde. Shah Rukh Khan ṣe é dáadáa níbẹ̀, ká sòótọ́. Ọ̀kan tẹ orí ba bí ọmọ tó ń bẹ̀rù bàbá rẹ̀, ọ̀kan yọ̀ mọ́ ayé, aṣọ wọn ìbáà jẹ́ ọ̀kan náà, ẹ ò ní ṣì wọ́n mọ̀. Síbẹ̀ ìdílé ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Wọ́n kó wọn lọ sọ́dọ̀ ọba. Ojú ọ̀nà ni wọ́n ti pàdé darandaran kan (Amitabh Bachchan ni, ó wọlé bí ìjì), ó ní kí wọ́n má wulẹ̀ yọ ọba lẹ́nu. Ó dán àwọn méjèèjì wò. Èyí tó kẹ́yìn ni pé kí ẹni tó bá jẹ́ olólùfẹ́ ìyàwó yìí ní tòótọ́ wọ inú àpò awọ tí wọ́n fi ń pọn omi. Kishanlal dúró. Iwin wọ inú àpò, darandaran so ẹnu rẹ̀ pa.

Ẹ ṣe àkíyèsí ìbéèrè darandaran yẹn. Kò béèrè ẹni tí bàbá bí. Ìfẹ́ ló béèrè, ìdáhùn òtítọ́ sì ni iwin fi bọ́ sínú ẹ̀wọ̀n. Irọ́ ni Kishanlal ì bá pa ká ní ó wọ àpò náà. Mi ò mọ ibòmíràn nínú fíìmù tí olóòótọ́ ti pàdánù lọ́nà tó dunni tó báyìí.

Ibẹ̀ ló yẹ kó parí sí. Ibẹ̀ náà ló parí sí nígbà kan. Vijaydan Detha, òǹkọ̀wé ará abúlé Borunda ní Rajasthan tó kú ní 2013, ló kọ ìtàn náà ní èdè Rajasthani láti inú ìtàn àtẹnudẹ́nu àwọn ará abúlé rẹ̀. Àkọlé rẹ̀ ni Duvidha, ìyẹn ni pé kí ọkàn ẹni pín sí méjì. Mani Kaul fi orúkọ yẹn kan náà ṣe fíìmù ní 1973, ní Borunda gan-an. Fíìmù jẹ́ẹ́ ni: àwòrán á dúró gbagidi lójú kan, ohùn á máa sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Nínú méjèèjì, iwin ò jáde nínú àpò mọ́. Ìyàwó bá ọkọ rẹ̀ padà sílé, ó ń gbé pẹ̀lú ọkùnrin tó ní ojú tó ti fẹ́ràn, tí kì í ṣe ẹni tó fẹ́ràn.

Paheli ò gbà bẹ́ẹ̀. Lachchi padà sílé, ó ń sunkún, Kishanlal wọlé bá a, ó sì sọ ohun tó jẹ́ pé iwin nìkan ló mọ̀ ọ́n. Iwin ti bọ́ sínú ara Kishanlal! Orin bẹ̀rẹ̀, inú wa dùn. Màmá mi máa ń pàtẹ́wọ́ níbẹ̀. Àkọlé tuntun náà tiẹ̀ ti sọ fún wa tẹ́lẹ̀: paheli ni àlọ́ àpamọ̀. Àlọ́ àpamọ̀ gbọ́dọ̀ ní ìtumọ̀. Ẹni tó pa á mọ ìtumọ̀ rẹ̀ kó tó la ẹnu. Ṣùgbọ́n ọkàn tó pín sí méjì, ta ló máa tú u?

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé fíìmù náà ò béèrè ibi tí Kishanlal wà. Ara rẹ̀ ń rìn, ó ń rẹ́rìn-ín, òun ńkọ́? Ó kú ni? Ó wà nínú ibẹ̀ tó ń gbọ́? Kò sẹ́ni tó sunkún rẹ̀, bàbá rẹ̀ ò tilẹ̀ mọ̀ pé ọmọ òun ti lọ. Amos Tutuola lo irú ìtàn wa kan nínú The Palm-Wine Drinkard (1952), ẹ̀yin náà á ti gbọ́ ọ lọ́nà kan tàbí òmíràn: omidan kan tó kọ gbogbo ọkùnrin tẹ̀lé arẹwà kan láti ọjà, kò mọ̀ pé ńṣe ni arẹwà náà háyà ẹ̀yà ara rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń wọ igbó, ó ń dá ẹsẹ̀ padà fún ẹni tó ni ẹsẹ̀, ó ń dá apá padà fún ẹni tó ni apá, ó sì ń san owó lórí gbogbo rẹ̀, títí ó fi ku agbárí lásán. Ẹlẹ́tàn ni agbárí yẹn, ohun tó fojú omidan náà rí kò ṣeé fẹnu sọ. Ṣùgbọ́n ó dá ohun olóhun padà. Iwin Paheli, olóòótọ́, ẹni jẹ́jẹ́, yá ojú Kishanlal, ó yá orúkọ rẹ̀ àti ìyàwó rẹ̀, nígbà tó yẹ kó dá a padà ó kó ara tó kù mọ́ ọn. Àwọn tó ṣe fíìmù náà ní ká pe ìyẹn ní ìfẹ́ tó borí.

Ẹ lè sọ pé Kishanlal ló fà á. Ta ló ní kó fi ìyàwó tuntun sílẹ̀? Mo gbà, àbùkù rẹ̀ pọ̀. Àmọ́ ẹ rántí pé àwọn oníṣòwò Marwari ti ilẹ̀ Rajasthan ni irú ìtàn yìí bá wí, wọ́n mọ̀ wọ́n fún ìrìn àjò, wọ́n ṣòwò dé Calcutta. Àìmọye ìyàwó ló dúró de ọkọ. Bàbá tèmi náà ṣáájú wa wá sí Amẹ́ríkà fún ọdún 4. Ohùn inú tẹlifóònù ni mo mọ̀ ọ́n sí. Lọ́jọ́ tó wá pàdé wa ní pápákọ̀ òfurufú, mo fara pamọ́ sẹ́yìn màmá mi. Ìgbà tí mo dàgbà ni màmá mi tó sọ fún mi pé òun náà ń wá ẹni tí òun máa fara pamọ́ sí lẹ́yìn. Ó sanra sí i, irun ti ń wọ́n lórí rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n lo nǹkan bí ọdún kan kí wọ́n tó tún mọ ara wọn. Irú ọdún yẹn ni Paheli ò fún Kishanlal. Lójú mi, ìyẹn ni ìtàn tó ṣòro sọ jù: kí ìyàwó jókòó ti ẹni gidi tó dé, tó ti pẹ́ jù, tí ò dùn ún wò, kó sì wò ó bóyá nǹkan kan ṣì kù. Mani Kaul dé ẹnu ọ̀nà ibẹ̀. Palekar gbé iwin wọlé dípò rẹ̀.

Ẹ ṣì wò ó o, mi ò ní kẹ́ ẹ má wò ó. Àwọ̀ aṣọ inú rẹ̀ dára, àwọn ọmọláńgidi méjì tó ń sọ ìtàn náà pa mí lẹ́rìn-ín, Íńdíà sì yàn án láti dije fún Oscar lọ́dún náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò wọ inú àwọn tí wọ́n mú. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ wá Duvidha wò tẹ̀lé e, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó falẹ̀. Òun ni mo fẹ́ sọ fún kíláàsì lọ́dún tó ń bọ̀. Mo ti mọ ohun tí màá pe ẹni tó wọlé. Ẹni tó wà nínú àpò ni mi ò tíì rí orúkọ fún.