Ta Ló Kọ Orin Yìí?

Lọ́dún tó kọjá, àwa méjì tí a jọ ń ṣiṣẹ́ sọ́fíwià hun ègbè orin kan fún ọ̀rẹ́ wa tó jẹ́ olórin. Alẹ́ ọjọ́ kan la fi ṣe é. A kọ ọ́ sínú fóònù, a fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Orin náà jáde, àwọn èèyàn sì gbà á. Nígbà tí a wo ibi tí wọ́n to orúkọ sí, a rí olórin, a rí ẹni tó ṣe bíìtì, a tiẹ̀ rí ẹni tó ya fọ́tò. Tiwa ò sí níbẹ̀. A pè é. "Ah-ah, ṣé torí ìlà mẹ́rin yẹn náà ni? Ṣebí eré la jọ ń ṣe."

Ìbínú yẹn ló gbé wa dé ìdí Tunesmith, ìwé ńlá tí Jimmy Webb ṣe ní 1998 lórí iṣẹ́ orin. Webb kì í kọ́ni ní ohun tí òun fúnra rẹ̀ ò ṣe rí. Ọmọ Oklahoma ni, ọmọ oníwàásù. Ọmọ ọdún 21 ni nígbà tí Glen Campbell gbé "By the Time I Get to Phoenix", orin tí Webb hun, jáde ní 1967. Ìwé náà ò ṣèlérí pé ẹ ó di olówó lọ́sẹ̀ méjì. Ó mú ọ̀rọ̀, ìtò orin, ohùn orin àti kọ́ọ̀dù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tú wọn palẹ̀ bí mẹkáníìkì ṣe ń tú ẹ́ńjìnnì, ó sì sọ̀rọ̀ owó pẹ̀lú. Ẹ má retí pé ẹ ó kà á tán lórí ìjókòó kan. Àwa ò kà á tán lóṣù kan.

Ohun tó là wá lójú jù ni pé orin yàtọ̀ sí àwo. Ẹ gbọ́ bí a ṣe ń sọ ọ́ ní Yorùbá: "Ta ló kọ orin yìí?" Ṣé ẹni tó kọ ọ́ lẹ́nu là ń béèrè ni, àbí ẹni tó kọ ọ́ sínú ìwé? Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gbé méjèèjì, inú rẹ̀ sì ni orúkọ wa sọnù sí. Ẹ wo "Phoenix" yẹn. Ti Campbell kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ní 1969 Isaac Hayes na tirẹ̀ kọjá ìṣẹ́jú 18. Olórin méjì, àwo méjì, orin kan. Ẹni yòówù kó gbé e jáde, Webb ní ìpín níbẹ̀.

Òfin Nàìjíríà náà ya méjèèjì sọ́tọ̀. Lábẹ́ Copyright Act ti 2022, ẹ̀tọ́ ẹni tó hun orin wà títí di ọdún 70 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ti àwo jẹ́ ọdún 50 lẹ́yìn tó bá ti jáde. Ẹni tó bá sì fẹ́ gbé ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn pátápátá gbọ́dọ̀ fi ìwé ṣe é. Kò sí "ṣebí eré la jọ ń ṣe" nínú rẹ̀.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹ̀kọ́ Webb ló bá ẹnu wa mu. Ó sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ tí ìparí wọn jọra, torí Gẹ̀ẹ́sì ló ń rò. Ní Yorùbá, ohùn ló ń pàṣẹ. Ẹ jẹ́ ká ní ìyàwó kan ń kọrin ki "ọkọ mi". Tí orin bá gbé ìparí ọ̀rọ̀ náà sókè, ọkọ́ ló ń kì yẹn. Tó bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó ti wọ ọkọ̀. T. K. E. Phillips, tó tẹ dùùrù fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Cathedral Church of Christ l'Ékòó, ti sọ̀rọ̀ lórí èyí nínú ìwé rẹ̀, Yoruba Music, ní 1953. Ẹ ka Webb, ṣùgbọ́n ẹ ka Phillips mọ́ ọn.

Ibi kejì tí ìwé náà ò dé ni ọjà wa. Lọ́dọ̀ Webb, ẹni tó hun orin lè jókòó sílé kí orin rìn lọ bá olórin. Lọ́dọ̀ wa, jùjú kì í kúrò lára olórin. Ẹsẹ̀ ọ̀gá ni wọ́n ti ń kọ́ ọ: Ebenezer Obey ṣeré lábẹ́ Fatai Rolling Dollar kó tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1964, Sunny Adé ṣeré lábẹ́ Moses Olaiya, Bàbá Sàlá. Níbẹ̀ lèèyàn ti ń mọ ìgbà tó yẹ ká dárúkọ ẹni tó ni ìnáwó, ìgbà tó yẹ kí gángan sọ̀rọ̀, àti ìgbà tó yẹ kí orin máa gùn sí i torí pé owó ṣì ń bọ̀. Ẹ̀kọ́ gidi ni. Àléébù rẹ̀ ni pé iwájú orí ẹni tó dúró ni wọ́n ń lẹ owó mọ́. Ẹni tó fún un ní ìlà kan látẹ̀yìn ò rí kọ́bọ̀.

Lónìí, orin wa ti di arìnrìn-àjò bíi ti Webb. Íntánẹ́ẹ̀tì ń gbé e dé ibi tí olórin fúnra rẹ̀ ò dé rí. Síbẹ̀, bí owó òde àríyá la ṣì ń pín owó rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wa wà. Ìwé Webb ti jáde kí Napster tó dé ní 1999, ẹ má wá ọ̀rọ̀ streaming nínú rẹ̀. Ìlànà rẹ̀ ni kẹ́ ẹ mú.

Ìtàn kan nípa Webb ò kúrò lọ́kàn wa. Ní 1968, ó fi "Wichita Lineman" ránṣẹ́ sí Campbell, lérò pé kò tíì parí. Campbell gbà á sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, gìtá ni wọ́n fi dí ibi tó ṣófo, orin náà sì wá di ìlúmọ̀ọ́ká. Ègbè tiwa náà ò parí nígbà tí a fi ránṣẹ́. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé orúkọ Webb wà lára tirẹ̀.

Ọ̀rẹ́ wa ti tún béèrè ègbè mìíràn. Ó wà nílẹ̀, ó tiẹ̀ dùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìwé ojú kan la kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí i: ta ló hun kí ni, ìpín kálukú, ọjọ́ tó jẹ́, àyè ìbuwọ́lùwé. Àmì aláwọ̀ búlúù méjì ti yọ. Ó ti kà á. A ṣì ń dúró.